Àwo tí Ó Sáré Ju Olórin Lọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin ni ohùn. Bí ó bá ti balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́, kò sì ṣeé kó mọ́. Òtítọ́ ni òwe yìí láyé àwọn baba wa, títí di ìgbà tí àwo orin dé. Àwo ni ó kọ́kọ́ bá ọ̀pọ̀ nínú wa kó ẹyin ohùn tí ó ti balẹ̀, tí ó sì tún gbé e fún wa lẹ́yìn ọgbọ̀n tàbí àádọ́ta ọdún, nígbà tí ẹni tí ó ni ohùn ti di ará ọ̀run. Ṣùgbọ́n àwo kò lè fọhùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ni yóò máa yí i kí abẹ́rẹ́ tó lè ka ohun tí a kọ sínú ilà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá yí i kánkán jù, àgbà olórin á máa han bí ọmọdé tí ń sunkún oúnjẹ. Bí ó bá sì yí i jẹ́jẹ́ jù, ọ̀dọ́mọbìnrin á máa dún bí arúgbó tí oorun ń kùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀rọ̀ tí ó kan oníṣẹ́ rédíò nìkan ni èyí, pé kí a ṣáà gbé ẹ̀rọ lọ fún un kí ó fi òróró sí i. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá gan-an ni. Èdè olóhùn ni tiwa. Ìlọsókè-sódò ohùn ni a fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ẹ̀rọ tí eré rẹ̀ kò bá gún lè fi ọwọ́ kan ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò lè gbà fi kan ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ bí àwo ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ó ń ba eré rẹ̀ jẹ́, pàápàá ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, àti bí a ṣe lè tún un ṣe kí ohùn àwọn tí ó ti lọ má baà di ohùn ẹlòmíràn.

Bí àwo ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Ní ọdún 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó ń lo nǹkan róbótó bí agolo. Ọdún 10 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1887, ni Emile Berliner, ọmọ Jámánì tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tirẹ̀ tí ó ń lo àwo pẹrẹsẹ. Ti Berliner ni ó borí, nítorí pé a lè tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo jáde láti ara odù kan ṣoṣo, bí ẹni ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé.

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, baba bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn oníná nínú iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ọdún 1925 ni ó tó wọlé. Iwájú ìwo ńlá kan ni olórin ń dúró sí. Agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó ń mi abẹ́rẹ́ tí ó ń fa ilà sórí ìda. Ohun wíwúwo kan tí a so kọ́, tí ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òkúta tí ń wọ inú kànga, ni wọ́n sábà fi ń yí ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ náà, nítorí pé eré rẹ̀ máa ń gún ju ti mótò iná ayé ìgbà náà lọ.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wá olórin kiri ní Èkó. Ní 1936, Túndé King kọ orin jùjú sínú àwo Parlophone. Ní 1937, Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí kọ ti HMV. Ní 1948, Hárúnà Ìṣọ̀lá ti Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe àwo àpàlà àkọ́kọ́ tirẹ̀ fún HMV kan náà. Àwo dúdú tí ó le tí ó sì rọrùn láti fọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí. “Ṣẹ́fúńtì-éètì” ni a ń pè wọ́n, nítorí pé ó yẹ kí wọ́n yípo ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo ní “ó yẹ”, nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó jẹ́ 78 ní tòótọ́. Láyé àwọn àwo ìgbà Àlùfáà Ransome-Kuti, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan eré tirẹ̀. Òmíràn fi díẹ̀ lé ní 70, òmíràn dé 80. Nígbà tí iná mànàmáná wá di olùdarí mótò, òfin di ọ̀kan, síbẹ̀ àyè kékeré kan ṣì wà: ní ilẹ̀ tí iná rẹ̀ jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 78.26 ni eré náà. Ní ilẹ̀ tí iná rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, 77.92 ni. Ó ṣòro fún etí ènìyàn láti mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí. Ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà láàárín 72 àti 80 kò fara sin.

Giramafóònù tí a ń fi ọwọ́ yí ni àwọn ènìyàn fi ń gbọ́ àwo wọ̀nyí. Sípírìngì ni ó ń fún un lágbára. Ohun tí ó sì ń ṣọ́ eré rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù òjé kéékèèké mẹ́ta tí a so mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọ̀pá kan. Bí ọ̀pá náà bá ń sáré jù, àwọn bọ́ọ̀lù wọ̀nyí á fẹ̀ síta, wọ́n á fa irin pẹlẹbẹ kan lọ kan awọ tí ó ń dá eré dúró. Ìjánu ẹṣin ni, láìsí ẹni tí ó dì í mú. Ṣùgbọ́n bí awọ náà bá gbẹ, tàbí bí òróró bá dì, tàbí bí sípírìngì bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ìjánu kò níṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá dàgbà sí ilé tí irú giramafóònù yìí wà yóò rántí bí ohùn olórin ti í rẹlẹ̀ wìì ní ìparí àwo, títí ẹnìkan yóò fi sáré lọ yí ọwọ́ ẹ̀rọ. Nítorí pé iná kò tíì dé ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé wa, àwo 78 pẹ́ lọ́jà lọ́dọ̀ wa. Ó wọ inú àwọn ọdún 1960, nígbà tí ó ti ń di ohun ìgbàgbé lókè òkun.

Ìkẹjà, Agége àti owó oṣù

Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni Ìkẹjà wà kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ìjọba náà ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, tí ó la ọ̀nà sí i tí ó sì fa iná dé ibẹ̀. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí ṣe taya níbẹ̀ ní 1963, kò sì dáwọ́ dúró títí di 2008. Ilé-iṣẹ́ aṣọ, ti oògùn, ti ọ̀dà àti ti ike tẹ̀lé wọn. Ojú irin àti Agége Motor Road ni ó ń kó òṣìṣẹ́ wọlé láàárọ̀, òun náà ni ó ń kó wọn padà sí Agége, Oṣòdì àti Múṣin ní ìrọ̀lẹ́.

Ibi tí owó oṣù bá wà, ibẹ̀ ni ohun èlò ilé ń lọ. Rẹdiogíràmù di ohun iyì ní pálọ̀: àpótí pákó dídán tí rédíò wà ní ìhà kan rẹ̀, tí ẹ̀rọ ayíwo wà ní ìhà kejì. Àsìkò yìí náà ni oríṣi àwo di mẹ́ta. Àwo ńlá oní-33⅓ tí Columbia gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, àti àwo kékeré oní-45 tí RCA gbé jáde ní 1949, wá bá àwo 78 lórí àtẹ kan náà. Ọ̀pá kékeré kan ni a ń tì sọ́tùn-ún sósì láti yan eré. Ẹni tí ó bá gbé àwo 45 sórí eré 33⅓ sọ orin ijó di orin arò nìyẹn. Ti ìyẹn rọrùn, nítorí pé ọmọ ilé gan-an á pariwo pé kí wọ́n tún un ṣe. Ìṣòro tí a kò tètè mọ̀ ni èyí tí ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkẹjà àti Agége Motor Road kì í ṣe ibi tí a ti ń gbọ́ àwo nìkan. Orin ń ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú. Ní 1973, Ginger Baker, onílù Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ilé àgbàsílẹ̀ ARC sí Ìkẹjà. Ọdún yẹn kan náà ni Paul McCartney gba orin kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwo rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Band on the Run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ EMI ní Àpápá ni ó ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ó bá wá sí Èkó. Ilé Fẹlá tí ó pè ní Kàlákúta wà ní ojúlé 14, Agége Motor Road, títí tí àwọn sójà fi sun ún ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977. Láti ọdún 2000 ni ojúbọ tuntun tí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ ti wà ní Ìkẹjà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé àwo Fẹlá sórí ẹ̀rọ tí kò gún ní Ìkẹjà, ilé olórin gan-an ni ó ti ń ba ohùn olórin jẹ́.

Iná tí ń lọ tí ń bọ̀

Iná mànàmáná tí ó ń wọ ilé wa kì í dúró lójú kan. Ìgbà 50 ni ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní 50 hertz. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún rẹ̀, kò sì yí padà láti ìgbà ECN tí òfin 1950 dá sílẹ̀, dé NEPA ti 1972, títí dé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó gba ìpínkiri iná ní 2013, tí Ikeja Electric jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìgbà 60 ni ti Amẹ́ríkà.

Ọ̀pọ̀ mótò ẹ̀rọ ayíwo ni ó ń fi iye yìí ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí iná bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni mótò ń jó, bí oníjó tí ó ń tẹ̀lé ìyá ìlù. Bí ìyá ìlù bá yára, oníjó á yára. Bí ó bá fà, oníjó á fà. Àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà dé, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ olówó ńlá bọ̀ láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, rí èyí. Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tí ó sọ iná 240 di 110, wọ́n sì rò pé ìṣòro ti tán. Ẹ̀rọ náà kò jó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n orin kò dún bí orin. Ìdí ni pé ohun tí wọ́n rà ń dín agbára iná kù ni. Kò fọwọ́ kan iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀. Àwo tí ó yẹ kí ó yípo ní ìgbà 33⅓ wá ń yípo ní ìgbà 27.8 péré. Orin oníṣẹ́jú 15 di oníṣẹ́jú 18. Gbogbo ohùn inú rẹ̀ sì rẹlẹ̀ tó àlàfo tí ó wà láti sol sí mi. Òdìkejì èyí ni ó ń bá Yorùbá tí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ láti Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù lọ sí New York: 33⅓ di 40, orin oníṣẹ́jú 15 parí ní ìṣẹ́jú méjìlá ààbọ̀, ohùn olórin sì tín-ín-rín.

Oríṣi mótò kejì wà tí kì í ka ìlọ-bọ̀ iná nìkan, ṣùgbọ́n tí agbára iná náà ń kan. Nígbà tí iná bá di “hááfù kọ́rẹ́ǹtì”, bí ó ti máa ń dà ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan fáànù, mótò irú yìí kò lè fa àtẹ mọ́ bí ó ti yẹ. Ó ń rìn bí ẹni tí ó ru ẹrù tí ó pọ̀ jù. Sítébiláísà lè ran èyí lọ́wọ́, nítorí pé agbára iná ni iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe nǹkankan fún ti jẹnẹrétọ̀. Ìyípo ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ni ó ń pinnu iye ìgbà tí iná rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀. Bí a bá tan àyínsí lé e, ẹ́ńjìnnì á kérora, iye náà á wálẹ̀, àwo á sì fà. Bí a bá pa àyínsí náà, ẹ́ńjìnnì á hó, àwo á sì sáré. Láàárín orin kan ṣoṣo, olórin lè dàgbà kí ó sì tún padà di ọmọdé ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Dò, re, mí

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa. Gbogbo ẹni tí ó bá jókòó ní kíláàsì Yorùbá ni a ti fi dò, re, mí kọ́ ní ohùn: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ̀lì kan náà, ohùn nìkan ni ó ya ọkọ ìyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára irin tí a fi ń roko, tí ó sì ya ohun tí a ń wọ̀ rìnrìn-àjò sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ìjà.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí àwo bá sáré jù, ṣùgbọ́n tí eré náà gún, tí kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Dò á gòkè, re á gòkè, mí náà á gòkè, gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn kò yẹ̀. Ọkọ́ ṣì jẹ́ ọkọ́, ọkọ̀ ṣì jẹ́ ọkọ̀. Kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́fà àti bàbá àgbà ṣe ń pe ọ̀rọ̀ kan náà, tí a sì ń gbọ́ àwọn méjèèjì yé. Ohun tí ó sọnù kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ ni. Ẹni tí ó mọ Hárúnà Ìṣọ̀lá mọ̀ pé ìfarabalẹ̀ ni agbára rẹ̀. Kì í kánjú. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ bí àgbà tí ó jókòó láàárín ìgbìmọ̀. Fi àwo Oroki Social Club rẹ̀ ti 1971 sórí ẹ̀rọ tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sáré jù, wàá gbọ́ gbogbo orúkọ tí ó kì, wàá gbọ́ gbogbo òwe tí ó pa, ṣùgbọ́n àgbà náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọdékùnrin kan tí ó gbójú ni ó jókòó sí ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí eré àwo kò bá gún ńkọ́, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀? Àrùn èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí àtẹ bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá eré rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohùn á rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àlàfo tí ó wà láàárín re àti dò nínú orin. “Ọkọ mi dé” lè di “ọkọ̀ mi dé”. Ẹ̀rọ ti wá di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mọ́ olórin lẹ́nu. Olórin Gẹ̀ẹ́sì tí irú èyí bá ṣe á kàn dún bí ẹni tí ó ti mu àmupara. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì ń jẹ́ ohun tí ó ń jẹ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ti dùndún tún ṣòro ju ti ẹnu lọ. Onílù ń fi ọ̀sán mú ohùn yọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ àti láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, yíyọ́ náà sì ní ìtumọ̀. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì tí etí lè dì mú. Ohùn nìkan ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá wá ń yọ́ láàyè ara rẹ̀, ta ni yóò mọ èyí tí ó jẹ́ ti onílù àti èyí tí ó jẹ́ ti rọ́bà tí ó ti bàjẹ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ìlù tí ó ń fi irú àwo bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlù ń kọ́ àmódi ẹ̀rọ mọ́ ọ.

Ìtọ́jú ẹ̀rọ

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ bóyá ẹ̀rọ ń ṣàìsàn. Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀rọ sábà máa ń fi páálí róbótó onílà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fín ilà náà sí etí àtẹ. Iná fúlórẹ́sẹ́ǹtì tí ó ń lo 50 hertz ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ilà 180 bá wà lórí páálí, tí àtẹ sì ń yípo ní 33⅓ gẹ́lẹ́, àwọn ilà náà á dúró jẹ́ẹ́ lójú wa bí ẹni pé wọn kò rìn. Bí wọ́n bá ń rìn síwájú, ẹ̀rọ ń sáré. Bí wọ́n bá ń rìn sẹ́yìn, ó ń fà.

Ọgbọ́n dáradára ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti ń tanni jẹ lọ́dọ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan náà ni ó ń tan gílóòbù tí ó sì ń yí mótò, àwọn méjèèjì á jọ fà, wọ́n á sì jọ sáré. Ilà á dúró jẹ́ẹ́, olórin á sì máa ké lódìkejì. Ẹlẹ́rìí tí ó ń bá ẹlẹ́jọ́ jẹun nínú abọ́ kan kò lè jẹ́rìí òtítọ́. Iná LED ìsinsìnyí náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣẹ́jú bí ti àtijọ́. Aago ni ẹlẹ́rìí tí kò gba rìbá. Kí a fi bébà kékeré ṣe àmì sí etí àwo, kí a gbé abẹ́rẹ́ lé e, kí a wá ka ìyípo rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwo 33⅓ gbọ́dọ̀ yípo ní ìgbà 100 géérégé, àwo 45 ní ìgbà 135, àwo 78 ní ìgbà 234. Kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Bí kíkà yìí kò bá pé, ibi tí àwọn àgbà oníṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìmọ́tótó. Gírísì tí ilé-iṣẹ́ fi sí ibi tí ọ̀pá àtẹ jókòó sí máa ń dì lẹ́yìn ogún ọdún bí àtè. Kí a nù ún kúrò pátápátá, kí a fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí télọ̀ ń fi sí máṣíìnì ìránṣọ, rọ́pò rẹ̀, ẹ̀kán kan tàbí méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mótò. Ṣùgbọ́n òróró kò gbọdọ̀ kan rọ́bà, nítorí pé rọ́bà tí ó bá mu òróró á máa yọ̀.

Rọ́bà ni ó wá kàn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, irú ti Garrard, kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí a fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ni ó ń gba eré lọ́wọ́ ọ̀pá mótò tí ó sì ń fi í fún àtẹ. Bí a bá pa ẹ̀rọ tì láìdá ọ̀pá eré padà sí àárín, kẹ̀kẹ́ náà á wà ní fífún mọ́ ọ̀pá mótò fún ọdún púpọ̀. Ojú kan á tẹ̀ lára rẹ̀, yóò sì máa ta gbì, gbì, gbì bí ó bá ń yí. Kí a fi síbíríìtì nu etí rẹ̀. Bí ojú títẹ̀ náà kò bá jinlẹ̀, a lè fi ìwé ìyúnrin tín-ín-rín dán an bí ó ti ń yí. Bí ó bá jinlẹ̀, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì, bẹ́líìtì tí ó ti nà kò lè di ọ̀pá mú mọ́. Àwọn kan ń gé túùbù kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ó ń yí, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí gígé ọwọ́ kò lè dọ́gba yíká, ohùn á máa gbọ̀n.

Irú ìyẹn náà ni ti àwọn tí ń wé sẹ́lótéèpù mọ́ ọ̀pá mótò ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kí ó lè sáré tó. Èrò wọn kò ṣìnà: bí ọ̀pá bá sanra sí i ní ìdá kan nínú márùn-ún, àtẹ á gba eré rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ibi tí etí téèpù ti lé orí ara rẹ̀ di gegele, ohùn á sì máa kọsẹ̀ níbẹ̀ ní gbogbo ìyípo. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ń ta ọ̀pá tí a tọ́ fún 50 hertz. Òun ni ó tọ́. Ní ti iná, ínfátà olóríire tí ó ń lo bátìrì sàn ju jẹnẹrétọ̀ kékeré lọ, nítorí pé 50 rẹ̀ kì í yẹ̀ bí a bá tan nǹkan mìíràn.

Nígbà mìíràn ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rọ rárá. Àwo tí oòrùn ti ká, tàbí tí wọn kò lu ihò àárín rẹ̀ sí àárín, á máa mú ohùn lọ mú un bọ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe ìṣẹ́jú àáyá 1.8 lórí àwo 33⅓. Mìlímítà kan péré tí ihò fi yẹ̀ tó láti mú eré gòkè ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì mú un sọ̀kalẹ̀ bákan náà, ní ibi tí ilà fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí àárín. Kò tó láti yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ohùn tí ó dúró máa sunkún. Wo apá abẹ́rẹ́: bí ó bá ń jù sọ́tùn-ún jù sósì bí ẹni tí ń fi ọwọ́ bọ́ ọmọ lórí ìtẹ́, àwo ni o fi ẹjọ́ sùn, má ṣe fi oníṣẹ́ sùn.

Ta ni yóò jẹ́rìí?

A lè tún ẹ̀rọ ṣe kí ó gún bí okùn, síbẹ̀ kí a má tíì mọ eré tí ó yẹ àwo kan, pàápàá àwọn tí ó ṣáájú 1930. Àwọn òyìnbó máa ń lo dùùrù láti fi wọ̀n ọ́n. Bí dùùrù inú àwo kò bá bá ti ilé mu, wọ́n á mọ iye tí eré fi yẹ̀. Nínú jùjú, gìtá lè ṣe irú iṣẹ́ yìí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni dùùrù àfọwọ́fà tí I. K. Dáíró mú wọ jùjú. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi wọn sákárà? Kí ni a ó fi wọn àpàlà? Olúkúlùkù onílù ni ó ń fa awọ tirẹ̀ le bí ó ti fẹ́. Olúkúlùkù alágídìgbo ni ó ń tún irin tirẹ̀ tò. Kò sí ohùn kan tí òfin dì mú nínú wọn.

Ohun kan ṣoṣo tí ó kù ni etí ẹni tí ó gbọ́ èdè. Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ ju bí ẹnu ti lè sá lọ. Àgbà kì í fa ohùn gùn ju bí èémí rẹ̀ ti lè gbé e lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí olórin kan ti ń sọ̀rọ̀ ní ojúde yóò mọ̀ bí àwo bá ti kọjá rẹ̀. Yusuf Ọlátúnjí kú ní 1978, Àyìnlá Ọmọwúrà ní 1980, Hárúnà Ìṣọ̀lá ní 1983. Ẹni tí ó bá gbọ́ wọn lójúkojú, tí ó sì ti gbọ́n díẹ̀ nígbà náà, ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní àádọ́rin. Ìwọ̀n wa ń lọ sí ọ̀run lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

Àsìkò yìí náà ni àwọn ènìyàn ń kó àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì ń pín in káàkiri ayé. Iṣẹ́ rere ni. Òpópónà Òtìgbà ní Ìkẹjà, tí ó ti di ọjà kọ̀ǹpútà àti fóònù láti àwọn ọdún 1990, kún fún ọ̀dọ́ tí ó lè ṣe é láàárín wákàtí kan. Ṣùgbọ́n eré tí kò tọ́ tí ó bá wọ inú kọ̀ǹpútà kò tún ní jáde mọ́ fúnra rẹ̀. Bí a bá gba àwo kan sílẹ̀ ní àgbàyẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá dà á kọ á gba àṣìṣe náà pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn ọmọ wa á gbà pé bí Hárúnà ti ń dún gan-an nìyẹn. Bí ẹnìkan bá wá gbé èyí tí ó tọ́ síwájú wọn, wọ́n á ní ó ń fà.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gba àwo sílẹ̀ kọ́kọ́ ka ìyípo ẹ̀rọ rẹ̀ pẹ̀lú aago. Kí ó kọ eré tí ó lò àti irú iná tí ó lò sílẹ̀ pẹ̀lú orin náà. Kí ó pa àwo gan-an mọ́, kí ó má ṣe jù ú nù pé ó ti wọ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ó pe àgbà kan jókòó, kí ó lu orin náà fún un, kí ó sì bi í léèrè bóyá ẹni tí ó mọ̀ nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tí ó lè tún orí yìí ṣe ṣì wà lọ́jà pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n ọjà náà ti ń tú.